Méyọ̀ Salvaloza àti Àwọn Ẹfọ̀n Inú Ọ́fíìsì

Bí ẹ bá dé Santa Perpetua lónìí, tí ẹ sì béèrè ilé ìjọba ìlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó júwe ọ̀nà fún yín. Ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń fi rẹ́rìn-ín. Deogracias Salvaloza ló ń rántí.

Nígbà tí Salvaloza jẹ́ Méyọ̀ wa, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, ẹja gbígbẹ, àgbọn àti ìrẹsì díẹ̀ la ní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé Manila, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ló wá ń tọrọ ibi tó máa sùn lọ́wọ́ wa. Ó sanra, ó rìn bí ẹni tí wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn lórí ilẹ̀ ayé tó èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó ti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Manila rí. Gbogbo ìlú ló rí i nígbà tó ń lọ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí i nígbà tó parí.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí a bá ti fa àsíá sókè tán, Méyọ̀ á gorí àga, á sì bẹ̀rẹ̀. Oòrùn á mú, àwọn òṣìṣẹ́ á máa gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ gbé èkejì, àwọn tí kò jẹun láàárọ̀ á máa dákú lọ́kọ̀ọ̀kan. Méyọ̀ kò ní dúró. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ òun ló wúwo jù fún wọn. Ó máa ń sọ pé èdè ìbílẹ̀ wa dára gan-an fún pípe adìẹ wálé, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba. Ó ní kí wọ́n fín in sára òkúta ẹnu ọ̀nà pé òun ni Baba Gẹ̀ẹ́sì Santa Perpetua, wọ́n sì fín in.

Ẹni tó máa ń pàtẹ́wọ́ fún un jù ni Primitivo Ledda, ọkùnrin tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀ fún owó orí. Ọwọ́ Ledda kì í dúró de ìparí gbólóhùn. Bí Méyọ̀ bá la ẹnu láti yán, á ti máa pàtẹ́wọ́.

Ẹ lè béèrè pé ṣé gbogbo ìlú ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí kò fi sẹ́ni tó ń tọ́ ọ sọ́nà. A gbọ́ ọ. Inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì la ti kẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré. Ohun tó pa wá lẹ́nu mọ́ ni ọ̀rọ̀ Felicitas Obligar.

Felicitas ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa. Ní ọdún kan, àwọn dókítà wá láti olú ìlú wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbà ọkùnrin, Méyọ̀ sì gba gbohùngbohùn. Ohun tí wọ́n wá yẹ̀ wò ń jẹ́ prostate, ẹ̀yà ara kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó máa ń wú bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Àmọ́ prostrate ni Méyọ̀ ń pè. Lẹ́tà kan péré ló lé nínú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí èèyàn dojú bolẹ̀. Bí Méyọ̀ wa ṣe dúró níwájú ọgọ́rọ̀ èèyàn nìyẹn, tó ń pàṣẹ fún gbogbo arúgbó ọkùnrin pé kí wọ́n wá kí dókítà wá yẹ ìdọ̀bálẹ̀ wọn wò, torí pé ìdọ̀bálẹ̀ tí kò bá tètè gba ìtọ́jú lè pa èèyàn.

Felicitas sọ̀rọ̀ sí i létí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Méyọ̀, prostate ni. Lẹ́tà kan ló lé."

Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. Gbohùngbohùn ló gbé e. Gbogbo gbàgede bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn arúgbó tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé Felicitas lọ sí erékùṣù Mantakip, níbi tí ilé ìwòsàn rẹ̀ jẹ́ yàrá kan àti bẹ́ẹ̀dì kan, tí ọkọ̀ kì í sì í lọ àfi tí òkun bá fẹ́. Ìyá rẹ̀ arúgbó ṣẹ́kù sílùú, aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ fún un. Láti ọjọ́ náà, tí Méyọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ńṣe ni gbogbo wa á máa wo bàtà wa.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìjì líle fi jà. Ó fọ́ èbúté wa, ó fọ́ ti àwọn ìlú tó yí wa ká. Gómìnà, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Purificacion Lacuesta, kó ìrẹsì ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí ìlú kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì béèrè ẹni tó pín in àti ẹni tó gbà á, kò sí méyọ̀ kankan tó rí ìdáhùn fún un. Ó wá ní kí gbogbo olórí ọ́fíìsì ní gbogbo ìlú máa ní diary, ìyẹn ìwé tí wọ́n á máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ wọn sí. Ó ní òun á wá kà á fúnra òun, ìlú tó bá sì fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́ ni òun á kọ́kọ́ tún èbúté rẹ̀ ṣe. Àwọn apẹja wa, tí wọ́n ń fi orí ru ẹja la omi já dé etíkun, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, inú wọn dùn.

Méyọ̀ Salvaloza jókòó, ó fúnra rẹ̀ kọ àṣẹ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò jẹ́ kí akọ̀wé fọwọ́ kàn án. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí ó ṣe lọ rèé: láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí olórí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan máa ní dairy. Kó wà lórí tábìlì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì máa mú un jáde fún òun láti yẹ̀ wò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Olórí ọ́fíìsì tí kò bá ní dairy kò ní ní ọ́fíìsì.

Lẹ́tà méjì ló gba ipò ara wọn. Diary ni ìwé. Dairy ni ibi tí wọ́n ti ń sin ẹran tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀.

Àwọn olórí ọ́fíìsì pàdé nídìí kọfí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Consolacion Tabing, opó tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bí, àwọn tó gbéyàwó àtàwọn tó kú, ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ṣé ojú mi ni, àbí ẹ̀yin náà rí i?"

"Àṣìṣe ni, Manang," ni Simplicio Aranas wí. Òun ló ń tọ́jú ilé ìkàwé, Manang sì la fi ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí. "Ìwé ló ń sọ. Gbogbo wa la mọ̀."

"Gbogbo wa la mọ̀. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún un?"

Ẹnì kan bojú wo òkun lójú fèrèsé.

Ledda gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ò rí àṣìṣe kankan o. Méyọ̀ ló kọ ọ́. Tí Méyọ̀ bá kọ ẹran, ẹran ni."

"Ledda, ṣé o gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

"Èmi ò gbà, èmi ò sì kọ̀. Ẹfọ̀n ni mò ń lọ wá."

Ẹfọ̀n ni mo wí o, ẹranko oníwo ńlá tí a fi ń ro oko ìrẹsì níbí. Kì í ṣe ẹ̀fọn tó ń kùn létí yín lóru. Ẹ pè é dáadáa, kí wọ́n má bàa fi yín jẹ méyọ̀.

Consolacion mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká rò ó. Tá a bá gbé ìwé wá, a ti sọ fún un pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tá a bá fa ẹran wá, ohun tó ní ká ṣe la ṣe. Nínú méjèèjì, èwo ló máa gbé èèyàn dé Mantakip?"

"Ọ̀rọ̀ wèrè nìyí, Manang."

"Mo mọ̀. Ó kàn jẹ́ pé wèrè náà ló ń sanwó oṣù wa ni."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ilé ìjọba Santa Perpetua ń dún bí ọjà ẹran. Ledda ti so ẹfọ̀n rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó fi rìbọ́nnì pupa sí i lọ́rùn, ó sì fi ọṣẹ ìwẹ̀ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà ìlú yá ti bàbá ìyàwó rẹ̀. Àjàgà oko ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìdajì rẹ̀ ló wà nínú ọ́fíìsì, ìdajì wà níta. Consolacion kò lágbára ẹfọ̀n, ewúrẹ́ ló fà wá. Olórí ọlọ́pàá mú ẹfọ̀n tó tóbi jù lọ wá, ó ń yangàn, àmọ́ akọ ni. Kò sẹ́ni tó láyà láti ṣàlàyé ibi tí wàrà ti ń wá fún ọlọ́pàá.

Simplicio nìkan ló gbé ìwé wá, ìwé aláwọ̀ búlúù tó kọ gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí nigínnigín.

Méyọ̀ jáde. Ó dúró. Ẹfọ̀n Ledda wò ó, òun náà wo ẹfọ̀n.

"Ledda, kí ni ẹran ń wá nínú ilé ìjọba?"

"Dairy ni, Méyọ̀, bí ẹ ṣe pàṣẹ. Mo ti wẹ̀ ẹ́."

Méyọ̀ rìn lọ sídìí ògiri, ó sì ka àṣẹ ara rẹ̀. Ó tún un kà. A rí i tí etí rẹ̀ ń pọ́n láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ibi tí ì bá ti parí nìyí. Ká ní ọkùnrin náà yíjú padà, tó rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ẹ gbà mí, ọwọ́ mi ló ṣì," à bá gbé e sí èjìká jó yí ìlú ká. Kò sì náwó. Ṣùgbọ́n Ledda ti ń pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì ti gbè é.

Méyọ̀ yíjú padà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn.

"Inú mi dùn," ló wí. "Ẹ̀rù ti ń bà mí pé èrò mi á ga jù fún yín. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ń pa ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ni àìsí wàrà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń wo ẹran rẹ̀ lójú láràárọ̀ kò ní lè purọ́. Ẹ sọ fún mi, ààrẹ wo ló ti ro irú rẹ̀ rí?"

"Kò sí," ni Ledda wí. "Wọn ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn."

Ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan Simplicio, tó na ìwé rẹ̀ sí i.

"Kí lèyí?"

"Ìwé iṣẹ́ òòjọ́ mi ni, Méyọ̀."

Méyọ̀ gbà á. Ohun tó fẹ́ gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ó sì mọ̀. Ó dá a padà bí ẹni pé ó gbóná.

"Ta ló ní kó o kọ nǹkan? Ẹran ni mo ní kẹ́ ẹ ní. Bó bá jẹ́ ìwé kíkọ lo fẹ́, máa lọ kọ ọ́ nílé. Ọjọ́ tó o bá ní ẹran ni kó o padà wá."

Wọ́n ti ilé ìkàwé pa. Ìyàwó Simplicio wà nínú oyún, Simplicio sì bọ́ sínú omi pẹ̀lú àwọn apẹja, ó ń bá wọn ru ẹja. Nínú gbogbo Santa Perpetua, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe ohun tí Méyọ̀ ń fẹ́, òun náà nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ilé ìjọba ń rùn títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá wá sanwó orí á kọ́kọ́ bá ẹran du àga. Ewúrẹ́ Consolacion jẹ ìwé ìgbéyàwó tọkọtaya kan tó wá fọwọ́ sí i, ní orílẹ̀-èdè tí òfin kò ti gba ìkọ̀sílẹ̀ láàyè; àwọn tọkọtaya mélòó kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá béèrè lábẹ́lẹ̀ pé aago mélòó ni ewúrẹ́ náà máa ń jẹun. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Méyọ̀ á mu ife wàrà láti ara ẹran kọ̀ọ̀kan, á máa mi orí. Olórí ọlọ́pàá, tí akọ ń kó ìdààmú bá, ra mílíìkì alágolo, ó dà á sínú korobá. Méyọ̀ tọ́ ọ wò, ó di ojú, ó ní òun kò mu irú rẹ̀ rí. Ó fún akọ ẹfọ̀n náà ní ẹ̀bùn ìyá ẹran tó dára jù lọ nínú ọdún. Ledda fi rìbọ́nnì wé ìwo rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ lórí bí ìyá ṣe ń jìyà lórí ọmọ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà tí Méyọ̀ dé orí ọ̀rọ̀ igi ni ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ìlú ti dá igi jọ láti fi gbé èbúté ró fúngbà díẹ̀. Méyọ̀ kó gbogbo rẹ̀, ó fi kọ́ ilé fún àwọn ẹfọ̀n, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Àwọn apẹja dúró, wọ́n ń wò ó, omi ń ro lára ṣòkòtò wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Gómìnà wá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e, kò sì rí èbúté tó máa sọ̀ sí. Ìyá àgbà náà ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bọ́ bàtà dání, ó la omi kọjá pẹ̀lú wa. Méyọ̀ kò rí èyí, torí pé ó ń to àwọn ẹfọ̀n ní ìlà. Wọ́n fun fèrè, ẹran kọjá, Méyọ̀ sọ̀rọ̀ lórí wàrà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dé orí ara rẹ̀. Gómìnà jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì mu ife tí wọ́n gbé fún un.

"Wàrà yín dára, Méyọ̀. Diary ńkọ́?"

"Àwọn ló ń kọjá níwájú yín yìí, Madam."

"Ẹran nìwọ̀nyí. Ìwé ni mo ní kẹ́ ẹ kọ."

Ààyè tún ṣí sílẹ̀ fún un, ẹ rí i. Gómìnà kò tíì bínú rárá. Méyọ̀ wo ọ̀pọ̀ èèyàn tó pé jọ, ó fa gbohùngbohùn mọ́ra.

"Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Madam, àṣìṣe wà nínú ohun tí ọ́fíìsì yín kọ. Dairy ló yẹ kí wọ́n kọ. Mi ò fẹ́ kó dójú tì yín, ni mo ṣe bá yín tún un ṣe."

Ọwọ́ Ledda ti gbéra. Ó rí ojú Gómìnà, ọwọ́ náà sì dúró sáfẹ́fẹ́, òsì kò kan ọ̀tún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti pẹ́, Méyọ̀ Salvaloza sọ̀rọ̀ tán, ìlú sì dákẹ́. Ẹfọ̀n kan ló tọ̀.

Gómìnà yíjú sí Ledda. "Ìwọ, kí ni diary?"

Ledda wo Méyọ̀, ó wo Gómìnà. "Madam, ó dá lórí ẹni tó ń béèrè."

"Ìwọ ńkọ́?" ló bi Consolacion.

Consolacion fi okùn ewúrẹ́ sílẹ̀. "Ìwé ni, Madam. Gbogbo wa la mọ̀. Méyọ̀ pàápàá mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kó ẹran wá?"

"Nọ́ọ̀sì wa tọ́ ọ sọ́nà nígbà kan. Mantakip ló wà báyìí. Ẹni tó gbé ìwé wá ló ń ru ẹja létíkun yẹn."

"Igi èbúté yín tí mo gbọ́ pé ẹ dá jọ ńkọ́?"

Apẹja kan ló dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn yín ló wà, Ìyá. Àwọn ẹfọ̀n ń gbé inú rẹ̀."

Gómìnà bojú wẹ̀yìn, ó ka orúkọ tó wà lára ilé náà. Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní kí Méyọ̀ máa lọ sílé, kí igbákejì rẹ̀ di ìlú mú títí ìwádìí á fi parí. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ń sọ fún ọmọ pé oúnjẹ ti tán.

Ìwádìí parí, ìbò dé, Salvaloza tún jáde. Kódà àwọn ará ilé rẹ̀ kò dìbò fún un tán. Ìlú mìíràn ni Gómìnà kọ́kọ́ kọ́ èbúté fún, torí pé àwọn ní ìwé láti fi hàn. Àwa la gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ òjò ló sì rọ̀ lé àwọn apẹja wa lórí kó tó kàn wá. Simplicio padà sí ilé ìkàwé. Felicitas bá ọkọ̀ ẹja wálé, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dá ọ dúró tó báyìí?" ni ìyá náà bi í.

"Lẹ́tà kan ni, Màmá," ni Felicitas wí, ó sì gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ kan iwájú orí ara rẹ̀, bí a ṣe ń kí àgbà níbí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tí Gómìnà wá yẹn, ẹsẹ̀ ni Salvaloza fi rìn délé. Leonila, ìyàwó rẹ̀, ń dá iná ìrẹsì. Ó ti gbọ́. Ìlú wa kò tóbi. Ó wò ó bó ṣe jókòó tí kò bọ́ kóòtù.

"Deo, kó o tó dá Gómìnà lóhùn, ṣé o mọ̀ pé ìwé ni?"

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ka ohun tó wà lára ògiri."

Leonila dá ọwọ́ dúró lórí ìkòkò. "Kí ló wá dé tí o kò sọ ọ́ nígbà náà?"

Èdè ìbílẹ̀ wa ló fi dá a lóhùn, èyí tó ní ó dára fún pípe adìẹ.

"Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́," ló wí.